Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kó kúrò nílé ńlá bọ́ sí kékeré, ẹ wá sọ bó ṣe rí fún yín

Ìyá Akóbọ̀

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ jẹ́ n sọ tèmi kí ẹ̀yin náà sọ tiyín, torí mo mọ̀ pé a pọ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn lásìkò yìí. Ilé tí èmi àti ọkọ mi kọ́ sí Akóbọ̀ n'Íbàdàn, yàrá mẹ́rin ni, pálọ̀ méjì, ibẹ̀ la ti tọ́ gbogbo ọmọ. Àwọn ọmọ ti lọ báyìí, ọ̀kan wà ní Kánádà, àwọn yòókù wà l'Ékòó pẹ̀lú ìdílé wọn, èmi àti bàbá wọn la kù tá à ń gbálẹ̀ yàrá tẹ́nì kankan ò sùn sí. Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ sì mọ bí owó ìfẹ̀yìntì ṣe rí. Ìgbà tí wọ́n wá yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, tó di pé ká ronú ká tó tan jẹ́ń, a jókòó sọ ọ́ láàárín ara wa, a ní ká kó lọ sí bọ́ìsì kọ́tà tó wà lẹ́yìn, yàrá méjì àti pálọ̀ kékeré kan, ká fi ilé iwájú háyà. Ó ti lé lọ́dún kan, ọkàn mi sì balẹ̀ síbẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn ni pé kẹ́ ẹ tó di ẹrù kankan, ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé ta ló ni ín. Ọ̀pọ̀ ẹrù tó wà nílé wa, tiwa kọ́. Ìwé tí ọmọ mi àgbà fi kàwé ní yunifásítì, fóòmù tí àbúrò ọkọ mi gbé sílẹ̀ nígbà tó ń lọ sí Àbújá, kúlà ńláńlá tá a fi ṣòkú ìyá ọkọ mi tó jẹ́ ti gbogbo ẹbí, àga ike ti ẹgbẹ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìkòkò àsè tó jẹ́ pé mi ò tiẹ̀ rántí ẹni tó kọ́kọ́ gbé e wá. Ilé ńlá máa ń gba ẹrù gbogbo èèyàn torí kò sẹ́ni tó máa sọ pé àyè ò sí. Mo pe wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lórí fóònù, mo ní ẹ wá kó nǹkan yín kóṣù yìí tó parí, a ti fẹ́ fi ilé háyà. Àwọn kan wá, àwọn kan ní kí n fi tọrẹ, àwọn tó ní kí n fi tọrẹ yẹn, mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sórí WhatsApp fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ìyẹn o. Ẹbí lè má bèèrè kúlà fún ọdún gbọọrọ, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e fún ẹlòmíì ni wọ́n máa rántí.

Súfẹníà ló tún kù. Abọ́, tíréè, jọ́ọ̀gì, ife, àpò, gbogbo èyí tá a gbà bọ̀ láti òde ìnáwó, ó kún kọ́bọ́ọ̀dù bámúbámú, fọ́tò olóògbé lára òmíì, fọ́tò ọlọ́jọ́ìbí lára òmíì. Ta ló máa gbójú gbóyà ju àwòrán àgbàlagbà sórí ààtàn? Èyí tó bá jẹ́ ti ẹni tó kú nínú ẹbí wa, mo mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan pa mọ́, mò ń fi òmíì jẹun títí dòní. Ìyókù, mo kó o fún kíṣìnì ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n máa ń nílò abọ́ rẹpẹtẹ lásìkò ìkórè, inú wọn sì dùn gan-an.

Ti àga, ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ká tó gbé ohunkóhun, mo pe káfíńtà wá, ó fi tépù wọn ẹnu ọ̀nà bọ́ìsì kọ́tà, ó wọn àga, ó wọn bẹ́ẹ̀dì, ibẹ̀ la ti mọ̀ pé àga onímẹ́ta ò lè gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé láéláé. Tẹ́náǹtì tó gba ilé iwájú ló rà á, kò tiẹ̀ kúrò níbi tó wà. Fíríìjì tó ti kú àti jẹ́ń àtijọ́, àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri tí wọ́n ń pariwo kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ló rà wọ́n. Owó táṣẹ́rẹ́ ni, àmọ́ ilẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ńkọ́? Báwo lẹ ṣe ṣe tiyín?

Ará Peckham

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, òfin ìjọba ló lé mi kúrò nílé ńlá. Ilé kánsù, ìyẹn ilé tí ìjọba ìbílẹ̀ ń fi háyà, oníyàrá mẹ́ta ni mò ń gbé ní London, àwọn ọmọ mi dàgbà, wọ́n lọ. Nígbà tó di oṣù kẹrin 2013, òfin tí gbogbo èèyàn ń pè ní bedroom tax bẹ̀rẹ̀, pé ẹni tó bá ń gba housing benefit, ìyẹn ìrànwọ́ ìjọba lórí owó ilé, tó sì ní yàrá kan lé sí iye tó yẹ ẹ́, wọ́n á yọ 14% réǹtì kúrò nínú ìrànwọ́ tí wọ́n ń fún un, tó bá jẹ́ yàrá méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, 25%. Kò kan àwọn tó ti tó gba pẹ́ńṣọ̀n ìjọba, èmi ò sì tíì tó o nígbà yẹn. Yàrá méjì ló ṣófo lọ́dọ̀ mi, owó kíléńà tí mò ń gbà ò lè gbé e, ni mo bá wá ẹni tá a máa jọ pààrọ̀ ilé, ìdílé kan tí wọ́n há mọ́ inú fúláàtì oníyàrá kan. Wọ́n bọ́ sí tèmi, mo bọ́ sí tiwọn, kánsù fọwọ́ sí i. Inú mi dùn sí i torí mo mọ̀ pé àwọn ọmọ yẹn á rí ibi sùn.

Èmi fẹ́ bá àwa tá a wà lókè òkun sọ̀rọ̀ nípa dírọ́ọ̀mù. Tílé bá ti kéré báyìí, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni ká ra dírọ́ọ̀mù búlúù yẹn, ká kó gbogbo ẹ̀ sínú ẹ̀, kótìnì, bàtà, ìkòkò, ká fi ránṣẹ́ sílé. Ẹ jẹ́ ká máa bèèrè kọ́kọ́ o. Ilé màmá wa nílé náà ní ìwọ̀n. Ohun tí ìyá Akóbọ̀ sọ pé ẹrù ẹlòmíì ló kún ilé wọn yẹn, àwa la máa ń fi ránṣẹ́ nígbà míì. Mo pe àbúrò mi, mo ka gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ fún un, ó mú ẹ̀rọ ìránṣọ àti kótìnì, ó ní òun ò fẹ́ ìyókù. Ìyẹn nìkan ni mo fi ránṣẹ́, ìyókù lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn aláàánú.

Firísà ńlá tún nìyí. Gbogbo wa la ní in, ẹran, pánlá, ẹ̀fọ́, gbogbo ẹ̀ ló wà nínú ẹ̀. Mo fi sílẹ̀ fún ìdílé yẹn torí wọ́n lọ́mọ púpọ̀. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn dé Rye Lane, iṣu wà níbẹ̀, ata rodo wà, ẹja gbígbẹ wà, kí ni mo ń kó jọ fún?

Ìyàwó Ìkòròdú

Ẹ ṣé mà, ẹ ṣé ẹ̀gbọ́n. Àwa ò tíì dàgbà tó yín, owó ilé ló lé wa. Yàrá mẹ́ta la wà ní Sùúrùlérè, láńdílọ́ọ̀dù fi owó kún un títí apá ò ká a mọ́, a wá kó wá sí mínì fúláàtì, yàrá kan àti pálọ̀, n'Íkòròdú, èmi, ọkọ mi àti ọmọ méjì. Ẹni tó bá ń wá ilé l'Ékòó, ẹ jọ̀ọ́ ẹ mọ̀ pé òfin ilé háyà Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ tẹ́náǹtì tuntun tó ń san lọ́dọọdún. Òfin yẹn ò dé Àpápá, Ìkẹjà GRA, Ìkòyí àti Victoria Island, àmọ́ ó dé Ìkòròdú. Ẹni tá a kọ́kọ́ lọ bá ń bèèrè ọdún méjì, ọkọ mi fi sùúrù sọ òfin náà fún un, kò gbà, a bá tiwa lọ, a rí ẹlòmíì tó gba ọdún kan.

Bá a ṣe ń gbé inú ẹ̀ rèé. Káfíńtà kan bẹ́ẹ̀dì alájà méjì fáwọn ọmọ, ó ṣe dúrọ́ọ̀ ńlá sábẹ́ ẹ̀, gbogbo aṣọ wọn ló wà níbẹ̀. Ògiri pálọ̀ la fi ṣe ṣẹ́ẹ̀fù dé òkè pátápátá, ohun tá à ń lò lójoojúmọ́ wà nísàlẹ̀, aṣọ ẹbí àti nǹkan Kérésì wà lókè. A ta ẹ̀rọ amúlétutù méjèèjì, a ta firísà. Orí owó iná ni ìyẹn ti ṣe wá láǹfààní jù, torí láti oṣù kẹrin 2024 tí wọ́n gbé owó iná Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ní iná wọn á máa tó ogún wákàtí lójúmọ́, láti nǹkan bíi náírà 68 lọ sí 225 fún yúníìtì kan, owó mítà wa ní Sùúrùlérè fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú owó oúnjẹ. Níbí, fáànù, tẹlifíṣọ̀n, fíríìjì kékeré, ó tán. Mi ò kì í se ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì mọ́, ọjọ́ méjì méjì ni mò ń sè é, mò ń fi kọ́ńgò ra gàrí dípò àpò.

Ohun tó le jù ni ariwo. Ọkọ mi ń ṣe mítíǹgì iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ọmọ kan ń kàwé sókè, èkejì ń wo kàtúùnù, gbogbo ẹ̀ nínú pálọ̀ kan náà. A wá fẹnu kò pé láti aago mẹ́rin sí mẹ́fà, tẹlifíṣọ̀n ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀, iṣẹ́ ilé-ìwé nìkan, tí bàbá bá ní mítíǹgì á wọ yàrá. Ó kọ́kọ́ ni àwọn ọmọ lára o, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ wọn lára báyìí, èyí àgbà gan-an ló máa ń pa á fúnra ẹ̀.

Ọmọ Òṣogbo

Ẹ kú ìrírí o. Tèmi kì í ṣe ilé mi, ti màmá wa ni. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà kan ni bàbá wa fi sílẹ̀ l'Óṣogbo, òkè ni màmá ń gbé látìgbà tá a ti gbọ́njú, orúnkún wá ń dùn wọ́n, àtẹ̀gùn ò ṣeé gùn mọ́, a wá ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sínú rúùmù àti pálọ̀ tó wà nísàlẹ̀. Àwọn náà gbà. Àbúrò mi obìnrin wá láti Ìlọrin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àpótí wọn, ó ń kó aṣọ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, èyí á lọ, èyí á dúró. Màmá jókòó wò ó, wọ́n ní, "Ṣé mo ti kú ni, tẹ́ ẹ fi ń pín ogún mi lójú mi?"

Ẹ̀yin ará, gbogbo wa dọ̀bálẹ̀, a kúnlẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ yẹn tóbi. Nílẹ̀ wa, ẹni tó ti lọ là ń pín aṣọ ẹ̀, kò sí bó o ṣe lè ṣàlàyé fún ìyá ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin pé àyè lò ń wá. A kó gbogbo ẹ̀ padà sínú àpótí, a tì í, a dá kọ́kọ́rọ́ padà sọ́wọ́ wọn.

Ìgbà tó ṣe, àwọn fúnra wọn ló pè wá. Wọ́n jókòó sórí àga nísàlẹ̀, wọ́n ní ká máa gbé àpótí wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ṣí i, wọ́n ń sọ ìtàn aṣọ kọ̀ọ̀kan. Ẹtù tí wọ́n fi ṣègbéyàwó. Àlàárì tí bàbá rà fún wọn lẹ́yìn tí wọ́n bí mi. Léèsì àtijọ́ tó ń wá láti Austria láwọn ọdún 1970 nígbà tí owó epo rẹpẹtẹ ń wọlé, ó ṣì le koko títí di ìsinsìnyí. Sányán ìyá tiwọn, tó ti gbó létí. Tí wọ́n bá sọ ìtàn ẹ̀ tán, wọ́n á wo ojú wa, wọ́n á ní, "Ìwọ lágbájá, mo fi èyí ta ọ́ lọ́rẹ, wọ̀ ọ́ kí n rí i." Ẹbùn ni wọ́n ń fún wa, ojú ayé wọn ni wọ́n fi ń fún wa, kò jọ pínpín ogún rárá. Ó gba àkókò gan-an, a ò sì kánjú. Àbúrò mi tó ṣí àpótí níjọ́sí, òun ni wọ́n fún ní àlàárì yẹn, ó sunkún.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é fún òbí ẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó kí wọ́n máa pàṣẹ, kẹ́yin máa gbé. Ẹ má sì fọwọ́ kan ohun tí wọ́n bá ní àwọn ò fẹ́ fi sílẹ̀. Ọlọ àti odó wọn wà nísàlẹ̀ báyìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, wọn ò lọ̀ ata mọ́, àmọ́ wọ́n fẹ́ máa rí i. Aṣọ òkè tó kù lọ́wọ́ wọn, a máa ń sá a fẹ́ atẹ́gùn lábẹ́ ibòji, a máa ń ká a sí ibòmíì kó má bàa gé lójú ibi tá a ti ká a tẹ́lẹ̀, a sì ń fi káńfọ̀ tá a dì sínú aṣọ funfun sáàárín ẹ̀.

Bàbá Ṣàgámù

Ọ̀rọ̀ màmá yẹn wọ̀ mí lára, Ọlọ́run á dá wọn sí. Ìbéèrè mi sí ìyá Akóbọ̀ nìyí, torí èmi náà fẹ́ bọ́ sí ẹ̀yìn ilé bíi tiyín. Ọjọ́ tí àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ bá dé ńkọ́, ibo ni wọ́n ń sùn? Báwo lẹ sì ṣe ń pín iná àti omi pẹ̀lú tẹ́náǹtì kí ìjà má bàa dé?

Ìyá Akóbọ̀

Ẹ kú ìbéèrè bàbá. Tí àwọn ọmọ bá dé, yàrá kejì jẹ́ tiwọn, àwọn ọmọdé ń sùn sí pálọ̀ lórí fóòmù tó ń ká àti ẹní. Lọ́dún Kérésì tó kọjá tí wọ́n dé tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìdílé kan lọ sùn sí gẹ́ẹ̀sì háùsì nítòsí, wọ́n ń wá jẹun lọ́dọ̀ wa láàárọ̀ títí dalẹ́. Àwọn ló san án, wọn ò bínú, torí wọ́n mọ̀ pé owó ilé iwájú yẹn ni kò jẹ́ ká máa pè wọ́n fún owó oògùn.

Ti iná, ẹ rí i pé mítà yín dá dúró kí tẹ́náǹtì tó wọlé o, ẹ má gbà kí wọ́n sọ pé ẹ ó jọ máa dá owó ẹ̀. Àwa ní tiwa, wọ́n ní tiwọn. Omi bọ́họ̀ọ̀lù ló pa wá pọ̀, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni wọ́n ń san, àwa ń san ìdá kan tó kù torí wọ́n pọ̀ jù wá, bó bá sì bàjẹ́ àwa onílé la máa tún un ṣe. Gbogbo ẹ̀ ló wà nínú àdéhùn tí lọ́yà kọ, tọ̀tún tòsì ló fọwọ́ sí i. Bẹ́ ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀, bàbá, ẹ padà wá sọ fún wa.