Oníbodè ni, kì í ṣe àwọ̀n: lórí orúkọ fáàfù áńpù

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá "gúlóòbù ohùn" fún ìgò kékeré tó ń pọ́n nínú áńpù hẹ́dífóònù àfọwọ́ṣe, ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn kékeré di ńlá fún hẹ́dífóònù. Wọ́n ní gíláàsì ni, ó sì ń tàn; pé "fáàfù" tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe ń pè é, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ yẹn ti kó bá mi rí.

Lọ́dún tó kọjá, ní ìsọ̀ wa ní Lágere, Ilé-Ifẹ̀ níbí, èmi ni mo sọ fún ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kan pé kó gbé iná fún "gúlóòbù" 12AU7, irú fáàfù kan. Gúlóòbù tó mọ̀ ni ti ilé. Iná ilé náà ló kì bọ ẹsẹ̀ kẹrin àti ìkarùn-ún, tó yẹ kó gba fóòtì 12.6 péré. Fáàfù náà kọ yẹ̀rì, ó kú. Mi ò bá ọmọ wí; orúkọ tí mo pè é ló ṣì í lọ́nà.

Iṣẹ́ gúlóòbù ni kó tàn. Ti fáàfù, ooru la fẹ́ lára iná yẹn, kí kátóòdù, irin tó wà láàárín gbùngbùn rẹ̀, lè gbóná, kó máa tú ẹlẹ́kítírọ̀nù, àwọn horo tín-ín-tín tó ń gbé iná, jáde lọ sí ánóòdù, irin kejì tó ń gbà wọ́n. Ẹ ki hẹ́dífóònù sétí, kí ẹ fi èékánná kan gíláàsì rẹ̀: ẹ ó gbọ́ "gán-ín", bí agogo tí wọ́n lù lókèèrè. Gúlóòbù wo ló ń dáhùn báyẹn?

Fleming, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe àkọ́kọ́ ní 1904. Fáàfù ló pè é, torí ọ̀nà kan ṣoṣo ni iná ń gbà kọjá nínú rẹ̀, bíi ti táyà. Àwọn tó ń lẹ táyà ti sọ ọ̀rọ̀ náà di tiwa tipẹ́. Lẹ́yìn náà ni Lee de Forest, ní Amẹ́ríkà, fi wáyà tín-ín-rín kan sáàárín kátóòdù àti ánóòdù. Wáyà yẹn ló ń sọ ohùn kékeré di ńlá, òun ló yẹ ká wá orúkọ fún.

Ẹnìkan ní "àwọ̀n", ẹlòmíràn ní "ajọ̀". Àwọ̀n ń mú ẹja. Wáyà yìí kì í mú nǹkan kan. Ajọ̀ tí a fi ń jọ èlùbọ́, kíkúnná ló ń jẹ́ kó kọjá, ó ń dá hóró dúró. Ẹlẹ́kítírọ̀nù kò ní kíkúnná, kò ní hóró, ọgbọọgba ni gbogbo wọn. Ẹnu ọ̀nà ni wáyà náà dúró sí. Bí ìró orin bá mú un le, ó ń lé wọn padà. Bó bá dẹ̀, wọ́n ya kọjá. Oníbodè gan-an nìyẹn! Oníbodè kì í bá ẹnikẹ́ni ru ẹrù, síbẹ̀ òun ló ń sọ iye èrò tí yóò wọ ìlú.

"Òfìfo" tí àwọn kan fẹ́ pe fáàfù fúnra rẹ̀ náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ìgò ọtí tó ṣófo, afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀. Ti fáàfù, wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ gbẹ ni. Bí a bá fẹ́ orúkọ Yorùbá dandan, "ìgò àfàgbẹ" ni mo fara mọ́.

Ó ku tíráńsífọ́mà tó wà láàárín fáàfù àti hẹ́dífóònù. Fáàfù ní fóòtì púpọ̀, ṣùgbọ́n iná tó lè tì jáde kéré; hẹ́dífóònù oní-ohm 32 (ohm ni ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dínà iná) fẹ́ òdìkejì rẹ̀. "Alárinà" ni mo ń pè é. Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tètè mú un wá, mo fẹ́ kọ ọ́ sára àpótí áńpù tó wà lọ́wọ́ mi.