Mọ́tò oníná, àgọ́ etí òkun: ṣé sọ́kẹ́ẹ̀tì ibùdó tó?

Àjò-ò-dùn-bí-ilé: Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá. Èmi àti ìdílé mi fẹ́ wa mọ́tò oníná gba ọ̀nà etí òkun, ká máa pàgọ́ sùn níbi tí ilẹ̀ bá ṣú wa sí. Bátìrì rẹ̀ jẹ́ 60 kWh, ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè gbà. Ibùdó tó jìnnà síra jù jẹ́ 240 km, a ó sì de àpótí ẹrù mọ́ orí mọ́tò. Sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán ni púpọ̀ nínú àwọn ibùdó náà ní. Ṣé ó lè gbé wa dé ibi tó kàn? Kí sì ni ká ṣọ́ra fún lórí iyanrìn?

Bàbá Ìṣirò: Irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ a máa jẹ nǹkan bí 17 kWh ní 100 km tẹ́ ẹ bá ń sá 90 km ní wákàtí kan. Àpótí orí mọ́tò ń dí afẹ́fẹ́ lọ́nà, ẹ fi 15% lé e. Atẹ́gùn òkun tó bá kọjú sí yín náà á gba tirẹ̀, nítorí náà ẹ fi 22 ṣírò. 240 km á jẹ 53 kWh. Ìyẹn ni pé kódà tí bátìrì bá kún dẹ́nu, 12% péré ló máa kù.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì 10 A (ampere, ìwọ̀n iná tó ń ṣàn) lórí iná 230 V ń gbé 2.3 kW. Bó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí 11, nǹkan bí 22 kWh ló máa wọ bátìrì, torí díẹ̀ a máa ṣòfò. 100 km nìyẹn. Sọ́kẹ́ẹ̀tì òru kan ò lè dá gbé yín.

Ẹ yà síbi ṣájà ńlá lálẹ́, kẹ́ ẹ tó dé ibùdó, kì í ṣe láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bátìrì tó ṣì gbóná láti ojú ọ̀nà ló ń gba iná kíákíá. Èyí tó sun òtútù mọ́jú a máa lọ́ra. Ẹ gbé e dé 80%, kẹ́ ẹ máa lọ. Lẹ́yìn ìyẹn mọ́tò fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dín iná kù kí bátìrì má bàa bàjẹ́, ìjókòó lásán ló kù. 12 kWh tó ṣẹ́kù, sọ́kẹ́ẹ̀tì á parí ẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́.

Oníwáyà: Òótọ́ lẹ sọ, bàbá, àmọ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gba àṣẹ. Ibùdó mìíràn ò fàyè gbà á rárá. Kẹ́ ẹ béèrè iye ampere tí bírékà ibẹ̀, ìyẹn ohun tó ń já iná bó bá pọ̀ jù, lè gbé. Bó bá jẹ́ 6 A, iye tó kéré jù tí mọ́tò lè fà náà nìyẹn, kẹ́tù ìsemi ẹyọ kan tẹ́ ẹ bá fi kún un á já gbogbo rẹ̀. Bó bá jẹ́ 10, ẹ dín in sí 8 lójú sikiríìnì mọ́tò. Ó lọ́ra díẹ̀ sí ìṣirò òkè yẹn, ṣùgbọ́n ọkàn yín á balẹ̀.

Wáyà ni ọ̀pọ̀ ń fi ṣeré. Kò gbọdọ̀ tín-ín-rín ju 2.5 mm² lọ. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ká mọ́ àgbá, ẹ tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, bí mítà márùn-ún péré lẹ fẹ́ lò. Ooru ò níbi tó máa gbà jáde nínú èyí tó ká jọ, rọ́bà ara rẹ̀ á yọ́. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ fọwọ́ kan orí púlọ́ọ̀gì. Kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ò burú. Bí kò bá ṣe é dì mú, ẹ yọ ọ́. Nítorí òjò, ẹ jẹ́ kí wáyà kọ́kọ́ sọ̀ kálẹ̀ kó tó gòkè wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí omi lè kán sílẹ̀ níbi tó ti sọ̀.

Mẹkáníìkì Àgbà: Ó kan iyanrìn. Bátìrì ti sọ mọ́tò yìí di ẹrù wúwo, agbára rẹ̀ sì ń dé ẹsẹ̀ táyà lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí nìyí tó fi ń yára gbẹ́ kòtò fún ara rẹ̀. Tí kì í bá ṣe táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń yí, ẹ má wọ iyanrìn rírọ̀ rárá. Bẹ́ ẹ bá máa wọ̀ ọ́, ẹ tú afẹ́fẹ́ táyà sílẹ̀ dé 20 psi, kẹ́ ẹ rọra tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ ìfẹ́táyà àti géèjì gbọ́dọ̀ wà nínú búùtù, torí táyà tó rọ̀ báyẹn lè bẹ́ lórí títì.

Bó bá rì, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ gbẹ́ iyanrìn kúrò títí abẹ́ mọ́tò ò fi ní jókòó lé e mọ́, ẹ ki pákó sábẹ́ táyà, kẹ́ ẹ fi rìfáàsì gba ojú ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ bá wá.

Ẹ páàkì sókè ìlà pàǹtírí tí òkun tó kún gbé sílẹ̀. Omi òkun tó wọ bátìrì lè dá iná sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan. Wọ́n rí i ní Florida lẹ́yìn ìjì Ian lọ́dún 2022. Iyọ̀ náà ń jẹ bíréèkì, pàápàá torí mọ́tò oníná kì í fi bẹ́ẹ̀ lò ó. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ dáadáa lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan níbi tí kò séèyàn lẹ́yìn yín.

Àjò-ò-dùn-bí-ilé: Ẹ ṣeun gan-an ni. Fíríìjì kékeré ńkọ́? Bí òjò bá sì lé wa sínú mọ́tò lóru?

Bàbá Ìṣirò: Fíríìjì ò ju 1 kWh lọ lójúmọ́. Ẹ̀rọ amúlétutù tàbí ìmóoru mọ́jú lè jẹ 4 sí 8, ó wà lọ́wọ́ bí òtútù bá ṣe tó. Ẹ kàn dán sọ́kẹ́ẹ̀tì 12 V inú mọ́tò wò nílé: púpọ̀ nínú wọn máa ń kú tẹ́ ẹ bá ti ti ilẹ̀kùn, àfi bẹ́ ẹ bá tan ètò ìpàgọ́ lójú mọ́tò.