AS àti AS: ṣé ọmọ kan péré nínú mẹ́rin ni?

Ìyá Ṣadé, Ọ̀fà: Ẹ kú ìkàlẹ̀. Ní ti jẹ́nótáìpù (irú ẹ̀jẹ̀ pupa tí ọmọ jogún lọ́dọ̀ òbí), AS ni ọmọ mi, AS ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Àwọn àna ní tí wọ́n bá bí mẹ́ta kí wọ́n dúró, pé ẹ̀kẹrin nìkan ló máa jẹ́ SS, ìyẹn fòníkú-fọ̀ladìde. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Nọ́ọ̀sì Ìlọrin: Rárá o, Mà! Oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ewu tirẹ̀, ìdá 25 nínú 100. Àkọ́bí lè jẹ́ SS, àbúrò rẹ̀ náà lè jẹ́ ẹ. Nínú fòníkú-fọ̀ladìde, ẹ̀jẹ̀ pupa á tẹ̀ bíi dòjé, á dí ojú iṣan. Ibẹ̀ ni ìrora egungun ti ń wá. Mo ń gbọ́ igbe àwọn ọmọ wọ̀nyí ní wọ́ọ̀dù wa, ó ń dùn mí gan-an. Kí àwọn méjèèjì tún àyẹ̀wò ṣe níbòmíràn kí ọ̀rọ̀ ìdána tó wáyé.

Bàbá Ìbejì, Òmù-Àrán: AS àti SS yìí kì í ṣe ti O tàbí A tí wọ́n ń wò fún ìfẹ̀jẹ̀sílẹ̀ o; ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Ìyá Ṣadé: Ẹ ṣeun. Màá pè wọ́n lálẹ́ yìí.