Fífi àga àti tábìlì àlòkù kún ilé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ìyá Ìbejì, Leeds:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Àwọn òṣìṣẹ́ ti kó irinṣẹ́ wọn jáde kúrò nílé wa, ògiri ti gbẹ, ọ̀dà ń dán, ṣùgbọ́n owó tó yẹ kí a fi ra àga ti bá iṣẹ́ ilé lọ. Ohun àlòkù ni mo fẹ́ fi kún pálọ̀ àti yàrá méjì. Mo ń bẹ ẹni tó bá mọ̀ ọ́n pé kó sọ fún mi ibi tí a ti ń rí ojúlówó, ohun tó yẹ kí n sá fún, àti bí a ṣe lè gbé e wọlé láì ha ògiri tuntun. Ọkọ mi gbà pé àlòkù kì í ṣe ẹ̀gàn, ṣùgbọ́n ìdun ló ń bà á lẹ́rù.

Bọ̀dá Káfíńtà, Thamesmead:

Ẹ kú oríire ilé, Ìyá Ìbejì, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ nínú rẹ̀. Kí ẹ tó béèrè iye owó ohunkóhun, ẹ mú téèpù kí ẹ wọn ẹnu ọ̀nà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ibi tí àtẹ̀gùn ti yí kọ́nà, nítorí ohun àlòkù tí mo ti rí tó mú kí ẹni tó rà á kábàámọ̀ kì í sábà jẹ́ èyí tó bàjẹ́, bí kò ṣe èyí tó kọ̀ láti wọlé. Ilẹ̀kùn inú ilé níbí sábà máa ń fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 76, ti àwọn ilé àtijọ́ mìíràn sì kéré sí i. Bí ilẹ̀kùn náà kò bá ṣí dé ẹ̀yìn pátápátá, àyè tí àga lè gbà kọjá tún dín kù nìyẹn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á bí àga náà ṣe gùn tó, bí ó ṣe ga tó, bí ó ṣe jìn tó láti iwájú dé ẹ̀yìn, àti bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣeé tú. Bí gíga rẹ̀ tàbí jíjìn rẹ̀ bá kéré sí fífẹ̀ ẹnu ọ̀nà, a lè gbé e nàró kí a sì rọra yí i wọlé. Bí méjèèjì bá ju ẹnu ọ̀nà lọ, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, bó ti wù kó wù yín tó.

Ní ti igi, àsìkò yìí dára gan-an fún ẹni tí kò kórìíra igi aláwọ̀ pupa-rúsúrúsú. Àpótí onídúrọ́ọ̀ àti wọ́dúróòbù ńláńlá tí àwọn àgbàlagbà aráàlú yìí fi sílẹ̀ kò wu àwọn ọmọ wọn mọ́, nítorí náà owó wọn ti wálẹ̀ gidigidi láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, tó bẹ́ẹ̀ tí ojúlówó mahógánì fi lè bọ́ sí ènìyàn lọ́wọ́ ní gbàǹjo ní iye tí kò tó ti àpótí tuntun tí wọ́n fi èérún igi àti gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀. Ẹ fa dúrọ́ọ̀ kan jáde pátápátá, kí ẹ sì dojú rẹ̀ délẹ̀. Bí igun rẹ̀ bá kọ́ra bí ìka ọwọ́ méjì tí a ti bọ ara wọn, tí kò sí ìṣó tó yọrí síta, ẹni tó mọṣẹ́ ló kàn án. Lẹ́yìn náà, ẹ wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ihò wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀, irú èyí tí kò ju mìlímítà kan sí méjì lọ. Ihò tó ti pẹ́ máa ń dúdú nínú, kò sì ní ohunkóhun nídìí, ṣùgbọ́n bí ìyẹ̀fun igi tó mọ́ bá ń dà sílẹ̀ nígbà tí ẹ fi ọwọ́ gbá pákó náà, kòkòrò ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ má ṣe gbé irú rẹ̀ wọ ilé tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi pákó tuntun tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀.

Bí ẹ bá rí àmì CC41 lára igi, ẹ tún un wò dáadáa. Lábẹ́ ètò ìjọba ni wọ́n ti ṣe irú àga àti tábìlì bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún 1942 sí 1952, nígbà tí igi wọ́n nítorí ogun. Kò ní ọ̀ṣọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n egungun rẹ̀ le. Ercol, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àga, tó bẹ̀rẹ̀ ní High Wycombe ní ọdún 1920, àti G Plan, tó jáde láti ìlú yẹn kan náà ní ọdún 1953, dára lóòótọ́, àmọ́ gbogbo ayé ti mọ̀ wọ́n báyìí. Ní tèmi, orúkọ ni ẹ máa sanwó fún níbẹ̀. Bí ẹ bá sì lọ sí gbàǹjo, ẹ má gbàgbé pé iye tí wọ́n fi òòlù kàn kọ́ ni iye tí ẹ máa san: ilé gbàǹjo á fi owó tirẹ̀ lé e, tó sábà máa ń wà láàárín ìdá 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún, VAT á sì tún gun orí owó náà.

Ohun tó bá ní fóòmù nínú yàtọ̀ sí igi. Òfin ọdún 1988 lórí àga àti iná ní kí àga onífóòmù tí oníṣòwò bá ń tà, ìbáà jẹ́ àlòkù, bá ìlànà mu, nítorí fóòmù àtijọ́ máa ń jó kíákíá, èéfín rẹ̀ sì ní májèlé. Ìdí nìyẹn tí British Heart Foundation àti àwọn ṣọ́ọ̀bù aláàánú yòókù kì í fi í gba sófà tí wọ́n ti gé lébẹ́ẹ̀lì iná kúrò lára rẹ̀. Òfin náà kò de aládùúgbò tó ń ta sófà ara rẹ̀ lórí Facebook Marketplace tàbí Gumtree, nítorí náà ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ gbé tìmùtìmù rẹ̀ sókè, kí ẹ wo abẹ́ àga, kí ẹ sì wá lébẹ́ẹ̀lì náà. Èyí tí wọ́n ti ṣe ṣáájú ọdún 1950 ni òfin yọ sílẹ̀. Ní Leeds yín gan-an, ẹ wo Emmaus, àjọ aláàánú tó ń ta ohun àlòkù. Freegle àti Freecycle sì wà fún ohun tí wọ́n ń fi tọrẹ, bí ẹ bá lè yára fèsì.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Manchester:

Ẹ̀gbọ́n wa ti sọ ti igi, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara. Ẹ̀rù ìdun tó ń ba bàbá àwọn ìbejì kì í ṣe ẹ̀rù lásán, ṣùgbọ́n ó ṣeé wò. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ mú káàdì báǹkì tó ti kú, kí ẹ sì fi etí rẹ̀ tẹ̀ lé ojú rírán àga, ẹ̀yìn orí bẹ́ẹ̀dì àti ihò ìṣó. Tótòtó dúdú tó ń ràn bí ẹ bá fi aṣọ tútù nù ún, àti awọ tí kòkòrò ti bọ́ sílẹ̀, ni ẹ̀rí. Ìta ni kí ẹ ti yẹ ẹrù wò, kì í ṣe nínú yàrá. Aṣọ àga tó bá ṣeé tú, ẹ fọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná oníwọ̀n 60. Fóòmù tí ènìyàn ń sùn lé, ẹ ra tuntun. Èmi kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí èyí.

Ní ti bẹ́ẹ̀dì ọmọ ọwọ́, bí ẹ bá rí àlòkù, ẹ wọn àlàfo àárín igi rẹ̀, kó má dín ní mìlímítà 45, kó má sì ju 65 lọ, kí ẹ sì fi fóòmù tuntun sí i. Lullaby Trust, àjọ tó ń rí sí oorun àwọn ọmọ ọwọ́, náà gbani nímọ̀ràn pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní fóòmù tuntun bó bá ṣeé ṣe. Ohun tí wọ́n kùn ní ọ̀dà ṣáájú ọdún 1970 lè ní òjé nínú, ẹ má ṣe fi sáńpépà gbígbẹ ha á nínú ilé tí àwọn ọmọ wà.

Ìyá Ìbejì, Leeds:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, àǹtí. A ti rí férémù bẹ́ẹ̀dì IKEA kan tí wọ́n ń tà ní £40, a sì ti ní fóòmù tuntun ti ẹni méjì tí a rà ní ṣọ́ọ̀bù níbí. Ṣé yóò wọ̀ ọ́? Àwọn ọmọ mi tún ti ń gun nǹkan báyìí, àpótí onídúrọ́ọ̀ tí ẹ wí yìí ń kọ mí lóminú.

Bọ̀dá Káfíńtà, Thamesmead:

Kò ní wọ̀ ọ́ dáadáa. Fóòmù ẹni méjì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 135, ó sì gùn ní 190, ti IKEA fẹ̀ ní 140, ó sì gùn ní 200, àlàfo á sì ṣẹ́ kù ní ẹ̀gbẹ́ àti ní ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀. Kí ẹ tó sanwó fún férémù èyíkéyìí, ẹ béèrè igi àárín rẹ̀ àti pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí fóòmù ń sùn lé, torí àwọn nìyẹn ló máa ń sọnù. Bó bá jẹ́ ìṣó kéékèèké ló kù, IKEA ṣì máa ń fi ọ̀pọ̀ nínú wọn ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní ti àpótí, ẹ fi irin dè é mọ́ ògiri, kí ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé bí ó ṣe wúwo tó, nítorí bí ọmọ bá fa dúrọ́ọ̀ mẹ́ta jáde lẹ́ẹ̀kan náà tó sì gùn ún, gbogbo rẹ̀ á wó lé e. Ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe sábà máa ń ní ògiri plasterboard, ìyẹn pátákó ẹlẹ́fun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ìṣó lásán kì í mú un, ẹ wá ibi tí igi wà lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ tó lu ihò. Bí wọ́dúróòbù bá máa kọ ẹ̀yìn sí ògiri ìta, ẹ fi àyè sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè kọjá, kí aṣọ yín má baà bu.

Alàgbà, Birmingham:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra tábìlì ìjẹun. Ẹ kọ́kọ́ lọ wo àwọn ibi tí wọ́n ti ń ta ohun tí wọ́n tú lára ilé àtijọ́, kí ẹ sì béèrè pákó ìrókò tí wọ́n tú kúrò nínú yàrá sáyẹ́ǹsì ilé ẹ̀kọ́. Láyé àtijọ́, ìrókò ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ tábìlì bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ yìí, nítorí omi kì í tètè mú un, ọ̀dọ̀ àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n sì ti ń rí i rà. Ihò ẹ̀rọ gáàsì á ṣì wà lára rẹ̀, orúkọ tí àwọn ọmọ fi ọ̀bẹ gbẹ́ sì lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ fi sáńpépà ha á ní ìta, ẹ bo imú, torí èérún rẹ̀ máa ń yún ara, ó sì máa ń múni sín. Lẹ́yìn náà ẹ fi òróró igi pa á. Ìyàwó mi bi mí bóyá mo ti tọrọ gáfárà lọ́wọ́ Olúwéré kí n tó gbé e wọlé, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ náà ló ti ń jẹun báyìí.

Ẹ ro owó ọkọ̀ akẹ́rù mọ́ ọn. Bí ọ̀rẹ́ bá ní òun á fi ọkọ̀ dísẹ́lì àtijọ́ bá yín gbé ẹrù láti Lọ́ńdọ́nù, £12.50 ni wọ́n ń gbà lọ́jọ́ kan lọ́wọ́ ọkọ̀ tí kò bá ìlànà ULEZ lórí èéfín ọkọ̀ mu, gbogbo Lọ́ńdọ́nù ló sì ti kàn láti oṣù kẹjọ ọdún 2023. Àárín gbùngbùn Birmingham níbí jẹ́ £8. Leeds kò ní irú owó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ohun tó bá wà nítòsí yín ló máa ń rọ̀ yín lọ́rùn jù. Ẹ mú bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ àti okùn dání, ẹ yọ gbogbo dúrọ́ọ̀ kúrò kí ẹ tó gbé àpótí, kí ẹ má sì san owó kankan ṣáájú kí ẹ tó fi ojú rí ọjà.