Báwo ni a ṣe lè dín owó àti ìpalára oògùn akunnilóorun kù láìfi ẹ̀mí aláìsàn wewu?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Èmi ni mo ń bójú tó ríra oògùn fún yàrá iṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn kan, owó tí a ń ná sórí oògùn akunnilóorun tí aláìsàn ń fà símú sì ti ju agbára wa lọ. Wọ́n tún sọ fún mi pé àwọn gáàsì náà ń dá kún gbígbóná ayé. Ṣé òótọ́ ni? Ibo ni kí a sì ti bẹ̀rẹ̀?

Dókítà akunnilóorun

Òótọ́ ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí aláìsàn fà símú ni ó tún ń mí jáde, ẹ̀rọ tí ń fa gáàsì kúrò nínú yàrá yóò sì tú u sí òfuurufú bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn oògùn tí a ń fà símú yìí, desflurane ló burú jù: láàárín 100 ọdún, kílógíráàmù kan rẹ̀ ń mú ayé gbóná tó nǹkan bíi 2,500 kílógíráàmù carbon dioxide, nígbà tí ti sevoflurane, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kò tó 200. Scotland dáwọ́ lílò desflurane dúró ní 2023, European Union náà sì ti fòfin dè é láti oṣù kìíní 2026, àfi níbi tí ìwòsàn bá ti sọ ọ́ di dandan.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó pààrọ̀ oògùn, ẹ kọ́kọ́ wo iye gáàsì tuntun (ọ́síjìn àti afẹ́fẹ́ tí ń gbé oògùn náà) tí a ń rán sínú ẹ̀rọ akunnilóorun. Ọ̀pọ̀ nínú wa (èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí) ń fi í sílẹ̀ sí lítà 4 tàbí 6 ní ìṣẹ́jú kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin iṣẹ́ abẹ. Bí aláìsàn bá ti sùn dáadáa, tí a sì dín in kù láti 4 sí 1, oògùn tí ń tán yóò sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ má dán an wò níbi tí kò bá ti sí ẹ̀rọ tí ń wọn ọ́síjìn àti oògùn tí aláìsàn ń mí.

Onímọ̀ ẹ̀rọ ìwòsàn

Ẹ má gbàgbé nitrous oxide, gáàsì mìíràn tí a máa ń lò pẹ̀lú oògùn akunnilóorun, tí ń pẹ́ ju 100 ọdún lọ nínú afẹ́fẹ́. Ẹ fi iye tí ẹ ń rà wé iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé àwọn lò fún aláìsàn. Níbi tí páìpù bá ti gbé e kiri ilé, ìyàtọ̀ náà máa ń yani lẹ́nu, nítorí pé ojú páìpù ni ó ti ń jò lọ. Ẹ ti páìpù náà pa, kí ẹ gbé sílíńdà kékeré sí ara ẹ̀rọ, kí ẹ sì máa ti ẹnu rẹ̀ nígbà tí ẹ kò bá lò ó.

Nọ́ọ̀sì yàrá iṣẹ́ abẹ

Abẹ́rẹ́ propofol, oògùn akunnilóorun tí a ń gún sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, kì í tú gáàsì sí afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀fẹ́: ike síríńjì ń pọ̀ sí i, ìgò ńlá tí a ṣí fún iṣẹ́ kékeré a sì di ìdọ̀tí. Ìgò tó bá iṣẹ́ mu ni kí ẹ máa rà. Níbi tí abẹ́rẹ́ inú ọ̀pá ẹ̀yìn bá tó, kí ló dé tí a fi ń kun aláìsàn lóorun?

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun púpọ̀. Bí a bá dín gáàsì kù, ṣé soda lime inú ẹ̀rọ, tí ń gba carbon dioxide tí aláìsàn mí jáde, kò ní tètè tán?

Dókítà akunnilóorun

Yóò tètè tán díẹ̀, ṣùgbọ́n owó oògùn tí ẹ pa mọ́ máa ń ju owó rẹ̀ lọ. Ẹ má fi ọjọ́ pààrọ̀ rẹ̀; ìgbà tí ẹ̀rọ bá fi hàn pé carbon dioxide ti ń padà wọlé sí aláìsàn ni kí ẹ tó yọ ọ́.