Sẹ́ńsọ̀ tuntun ń tàn, ṣùgbọ́n PLC ò rí i

Waya Ìbàdàn:
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé iṣẹ́ kan tó ń rọ omi sínú ike ni mo ti ń ṣe iná. Lánàá ni sẹ́ńsọ̀ tó ń ka ike lórí bẹ́líìtì kú. Mo gba ọjà lọ, mo fi èyí tó kú han ẹni tó ń tà á. Ó ní irú rẹ̀ ti tán, pé èyí tó wà lọ́wọ́ òun ò yàtọ̀ sí i. Lóòótọ́, waya mẹ́ta náà ló ní: búráùn, búlúù, dúdú. Mo so ó bí mo ṣe bá ti tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́.

Tí ike bá kọjá, iná kékeré ìdí sẹ́ńsọ̀ ń tàn, ṣùgbọ́n iná I0.3 (input, ojú ìwọlé, tí waya dúdú wọ̀) lórí PLC, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ̀rọ, ò tiẹ̀ ṣẹ́jú. Mo gbé e sí I0.4, bákan náà ni. Mo wá fi waya kan gba +24V wá sí I0.3, ó tàn wàì, èmi náà wá mọ̀ pé PLC ò kú. S7-1200 ni, CPU 1214C. Ọ̀gá ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ yìí.

Àǹtí Mítà:
Kí ni wọ́n kọ sára sẹ́ńsọ̀ tuntun yẹn? PNP àbí NPN?

Waya Ìbàdàn:
NPN ni, mà. Lẹ́tà ara èyí tó kú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́, àfi ìgbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i. PNP ni tiẹ̀.

Àǹtí Mítà:
Mo fura bẹ́ẹ̀. Tí PNP bá rí nǹkan, +24V ló ń gbà jáde lórí waya dúdú. NPN kì í gbé iná jáde ní tiẹ̀, ńṣe ló ń fa waya dúdú wálẹ̀ sí 0V. Ó dá mi lójú pé orí 0V ni 1M yín, ojú kan tí gbogbo input PLC jọ ń lò, wà. Bí NPN yẹn bá wá ṣiṣẹ́, 0V ló wà lápá ọ̀tún, 0V ló wà lápá òsì. Níbo ni iná fẹ́ gbà kọjá?

Fi mítà wò ó: orí kan lórí búráùn, ìkejì lórí dúdú. Gbé ike síwájú rẹ̀. Wàá rí nǹkan bíi 24V. Sẹ́ńsọ̀ rẹ ò ní àìsàn kankan.

Ajíṣẹ́:
Ṣebí kó kàn tú 1M kúrò lórí 0V, kó gbé e sórí +24V. Ó parí! Bí mo ṣe ṣe S/S (1M tiwọn) orí PLC FX3U mi nìyẹn, NPN ni gbogbo sẹ́ńsọ̀ ibẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Páńẹ́ẹ̀lì:
Ajíṣẹ́, ìwọ náà ti sọ ọ́: *gbogbo* wọn ni NPN lọ́dọ̀ rẹ. 1214C ní input mẹ́rìnlá, 1M kan ṣoṣo ni gbogbo wọn jọ ń lò. Tó bá gbé e, ẹyọ kan yìí á sọ̀rọ̀, àwọn PNP tó kù á dákẹ́. Bọ́tìnnì ìdádúró tó ń gba +24V wọlé náà á dákẹ́, PLC á rò pé ẹnì kan tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ ò ní gbéra.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ:
Ẹ jẹ́ kó so dúdú pọ̀ mọ́ +24V, kí input lè rí iná.

Àǹtí Mítà:
Háà! Nítorí Ọlọ́run, Waya Ìbàdàn, má dán an wò. Bí ike àkọ́kọ́ bá ti kọjá báyìí, 24V á gba inú transistor rẹ̀ (swíìṣì inú sẹ́ńsọ̀) lọ tààrà sí 0V. Wàá tún padà sọ́jà.

Ẹ̀gbọ́n Páńẹ́ẹ̀lì:
PNP ni kó o lọ rà. Ṣùgbọ́n kí iṣẹ́ lè lọ lónìí, wá ríléè (swíìṣì tí iná ń tì) kékeré oníkọ́ìlì 24V DC. A1 àti A2 ni orí méjèèjì kọ́ìlì rẹ̀. A1 sórí +24V, A2 sórí waya dúdú. Fi diode 1N4007 (ó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo) dábùú kọ́ìlì náà, kí apá tó ní ìlà funfun kọjú sí +24V. Lẹ́yìn náà, +24V sí ojú 11, ojú 14 sí I0.3; swíìṣì ríléè ló wà láàárín ojú méjèèjì. Ike mélòó ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú kan?

Waya Ìbàdàn:
Bí ọgọ́ta, sà.

Ẹ̀gbọ́n Páńẹ́ẹ̀lì:
Ríléè á bá a. Ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́wàá lóòjọ́, ìgbà 36,000 ló máa dún kẹ́. Má fi í sílẹ̀ síbẹ̀ títí ọdún á fi yí po.

Waya Ìbàdàn:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ó ti ń kà! Ó kọ́kọ́ ń ka ike kan ní méjì, mo gbé filter I0.3 (àkókò tó fi ń dúró kó tó gbà pé iná dé) kúrò ní 6.4 ms sí 12.8, ó jáwọ́. Mo ti rí PNP níbòmíràn, ọ̀la ni màá lọ gbé e. Ẹni tó ta ti àkọ́kọ́ fún mi ní òun kì í gba ọjà padà. Ajíṣẹ́, ẹ ò ní ra NPN kan? Ọjọ́ kan péré ló lò.