Ewì bàtà ẹnu ọ̀nà tí a jọ kà lọ́sẹ̀ yìí, báwo ló ṣe bá yín?

Ẹ̀yin tèmi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ka ewì ọ̀sẹ̀ yìí, mo rò pé ọ̀rọ̀ ló tán lẹ́nu ẹni tó kọ ọ́ ni. "Bàtà rẹ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà." Ó dáa, a ti gbọ́. Mo sún sísàlẹ̀ díẹ̀, bàtà tún dé. Èkejì ẹ̀ náà ò jẹ́ ká sinmi, "mi ò tíì gbé e, mo kàn ń gbálẹ̀ yí i ká", ó lọ ó bọ̀, ó lọ ó bọ̀. Mo ti fẹ́ kọ ìsọkúsọ kí n tó ní kí n ka àwọn ìlà ẹ̀ ná. 19 ni gbogbo ẹ̀, ìlà méjì yẹn nìkan sì gba 8, ẹ̀ẹ̀mẹrin ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ìyẹn ni pé ìlà 13 péré ló kọ, àwítúnwí ló fi dí ìyókù. Villanelle ni wọ́n ń pe irú ewì bẹ́ẹ̀.

Ohun tó wá mú mi nìyí o. Nígbà tí mọ́mì mi kú, èmi ni mo wà lọ́dọ̀ wọn, torí náà èmi ni gbogbo ẹni tó bá wọlé ń bi. Màá ní, "Wọ́n jẹun tán, wọ́n ní káwọn fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀." Ẹni yẹn á mi orí, á jókòó, ẹlòmíì á wọlé, màá tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n jẹun tán, wọ́n ní káwọn fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Títí di ọjọ́ kẹta mi ò pa ọ̀rọ̀ kan dà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ní kí n kọ́ ọ sórí. Àbúrò mi ló sọ fún mi pé ẹ ti ń sọ ọ́ bí ẹni ń kàwé, mo bínú sí i gan-an lọ́jọ́ náà. Ìgbà tí bàtà yẹn dé lẹ́ẹ̀kẹta ni mo rántí. Mo da fóònù dojú dé, mo dìde lọ fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

—

Èmi ò sunkún o, kí n má purọ́. Ìlà 19 ti pọ̀ jù fún bàtà kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n "gbálẹ̀ yí i ká" yẹn, hmm. Ẹni tó bá ti ṣe é rí mọ̀ pé eruku á ti yí bàtà náà ká, tó o bá fi lè gbé e, àpá ibi tó wà á hàn nílẹ̀ ketekete. Ó yà mí lẹ́nu pé akéwì ò sọ ìyẹn. Bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni.

—

Ẹ̀gbọ́n tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ẹ kú àṣẹ̀yìndè mọ́mì o. Tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Dádì mi ni mo kà á sókè fún, ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, èmi ni mo máa ń ka nǹkan fún wọn. Wọ́n kọ́kọ́ ní, "Bàtà ta ni?" Mo ní kí wọ́n fara balẹ̀ ná. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta wọ́n ti gbà á lẹ́nu mi kí n tó dé ibẹ̀, wọ́n ń gbè é bí ẹni ń gbe orin, mi ò sì sọ fún wọn pé ègbè wà níbẹ̀. Ìparí ẹ̀, níbi tí ìlà méjèèjì ti wá dúró ti ara wọn, àwa méjèèjì la jọ sọ ọ́. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n wá ní, "Mi ò tíì, mi ò tíì. Kò ní gbé e láéláé." Èmi tí mo ti fojú kà á tó ìgbà mẹ́fà, mi ò rí ìyẹn níbẹ̀.

—

Mo ti gbìyànjú irú ẹ̀ rí, kò rọrùn bó ṣe ń wò yẹn o. Àwọn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, ìró méjì péré ni ìparí ìlà máa ń ní láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nínú Yorùbá, fáwẹ̀lì lè bára mu kí ohùn má bára mu, ọkọ̀ àti ọkọ́, etí ò ní gbà á. Akéwì bàtà yìí kúkú fi ìyẹn sílẹ̀, àwítúnwí nìkan ló dì mú, ó gbọ́n. Mo ka ti Dylan Thomas, akéwì ará Wales, tó ń bẹ bàbá ẹ̀ kó má kàn gba ikú wọ́ọ́rọ́wọ́, 1951 ló jáde, bàbá kú ní December 1952. Elizabeth Bishop náà, akéwì ará Amẹ́ríkà, ó tún tiẹ̀ kọ ju ìgbà 15 lọ kó tó dúró. Ta wá lèmi.

Mo fi "mo ti dárí jì ẹ́" ṣe ìlà àkọ́kọ́. Ọ̀rẹ́ mi ni tẹ́lẹ̀, ó gbé àṣírí mi fún ẹni tí kò yẹ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kọ ọ́ ó dùn mọ́ mi, mo rí ara mi bí èèyàn gidi. Ó tún dé ní ìlà 6, mo ní ó dáa. Nígbà tó di ìlà 12, mo kọ ọ́ tán, mo wò ó, mo mọ̀ pé irọ́ ni. Ká ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo sọ ọ́ ni, ì bá lọ bẹ́ẹ̀. Ó ku ìlà méje sí i kó tó pé, mi ò lè kọ ọ́ parí, mi ò sì lè pa á rẹ́, ó wà nínú fóònù láti nǹkan bí ọdún méjì.

—

Ẹ fi í síbẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ máa gbálẹ̀ yí i ká.